Èkó wà lórí ìlà náà

Ohun kan wà tó gba ọkàn mi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Òkúta kan láti ojú òfuurufú ni, àwọn onímọ̀ sì ti sọ ọ́ ní 2024 YR4. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó kọlu ayé lọ́jọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2032. Òkúta tó ń kọjá lẹ́bàá wa kò ṣọ̀wọ́n, ìyẹn nìkan kò lè dí mi lóorun. Nọ́ńbà tí wọ́n ń gbé jáde nípa rẹ̀ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Níparí oṣù Kìíní, ìdá kan lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni. Kò pẹ́, ó di méjì. Ó tún ju méjì lọ. Bí wọ́n ṣe ń tẹjú mọ́ òkúta náà tó ni nọ́ńbà ń gòkè tó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ṣòwò l'Ékòó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní, “Ìwọ tó o máa ń tọpa nǹkan ojú ọ̀run, wọ́n ní orúkọ Nàìjíríà wà nínú ibi tó lè bọ́ sí. Ṣé òótọ́ ni, àbí àwọn èèyàn tún ti gbé tiwọn dé?” Mo dá a lóhùn pé, “Òótọ́ ni, Àǹtí mi. Orúkọ wa wà níbẹ̀.” Kí n tó ṣàlàyé ìyókù, wọ́n ti ní, “A ò ní rí i o, lágbára Ọlọ́run.” Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó yẹ kí n fún wọn gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ sínú fóònù lọ, òun ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n rí

Lọ́jọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2024, awò awọ̀nàjínjìn ATLAS tó wà ní Río Hurtado lórílẹ̀-èdè Chile ń ya ojú ọ̀run bó ṣe máa ń yà á lálaalẹ́. Ó rí àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré kan tó ń ṣípò láàárín àwọn ìràwọ̀ tí kò ṣípò. Ọjọ́ Kérésìmesì gan-an, ọjọ́ méjì ṣáájú, ni òkúta náà ti súnmọ́ wa jù, ní nǹkan bí 829,000 kìlómítà. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì àlàfo tó wà láàárín ayé àti òṣùpá lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i, ó ti kọjá, ó ń bá tiẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́rin ló fi ń yí òòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tó ń tọ̀ kò rí róbótó bíi ti ayé wa, gbọọrọ ló gùn. Níbi tó ti súnmọ́ òòrùn jù, ó wọnú díẹ̀ ju ọ̀nà tí ayé ń tọ̀ lọ. Níbi tó ti jìnnà jù, ó fi ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀ jìnnà sí òòrùn jù wá lọ, kò sì ní pẹ́ kan ọ̀nà Júpítérì. Ọ̀hún ló ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún mẹ́rin náà, nítorí pé nǹkan tó bá jìnnà sí òòrùn kì í yára rìn. Tó bá kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa ló máa ń sáré. Oṣù díẹ̀ péré nínú ọdún mẹ́rin ni ojú wa fi lè tó o. Ìdí nìyẹn tí òkúta bí èyí fi lè ti máa kọjá láti ayébáyé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n.

Níbí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi wo ohun tó ń rin ìrìn ọdún mẹ́rin, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tó máa wà lẹ́yìn ìyípo méjì. Àṣìṣe bíńtín nínú gígùn ìyípo kan á ti di wákàtí kí ọdún 2032 tó dé. Ayé wa náà kò dúró. Nǹkan bí 30 kìlómítà ló ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 12,700 kìlómítà lọ, nítorí náà láàárín ìṣẹ́jú méje ó ti kúrò pátápátá níbi tó wà. Ẹ ro ìyẹn wò. Gbogbo ọ̀rọ̀ pé yóò kọlù wá tàbí kò ní kọlù wá dúró lórí ìṣẹ́jú mélòó kan, fún ohun tó ṣì ní ọdún mẹ́jọ láti rìn.

Báwo ni orúkọ wa ṣe débẹ̀

Àwòrán ìlà kan tàn ká gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí Òkun Pàsífíìkì, ó gba àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, ó la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá, ó gba orí ilẹ̀ Áfíríkà, ó bọ́ sórí Òkun Arébíà, ó sì parí sí gúúsù Éṣíà. Àwọn oníròyìn wá ń ka orúkọ ìlú ńláńlá tó wà lórí rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Bogotá, Abidjan, Èkó, Mumbai. Ẹni tó bá rí orúkọ ìlú rẹ̀ níbẹ̀ kò ní rò pé ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ṣe ló máa rò pé wọ́n ti dá òun lẹ́jọ́.

Ohun tí ìlà yẹn ń sọ kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ mọ ọ̀nà tí òkúta náà ń tọ̀ dáadáa, ìgbà tó máa dé oríta tí ọ̀nà rẹ̀ àti ti ayé ti pàdé ni wọn kò mọ̀ dájú. Nítorí náà, tí wọ́n bá fi àmì sí gbogbo ibi tó ṣeé ṣe kó wà lọ́jọ́ náà, àmì wọ̀nyẹn á tò lẹ́sẹẹsẹ lórí ìlà tín-ín-rín kan tó gùn lọ rẹrẹẹrẹ nínú òfuurufú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìlà náà wà níbi tí kò sí nǹkan kan. Ìwọ̀nba tó gba orí ayé ni wọ́n yà sórí máàpù. Èkó wà níbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni ìlà náà gbà, bó ṣe gba orí omi tí kò lódiwọ̀n.

Ó dùn mí pé àwọn tó gbé ìròyìn náà kò sọ èyí. Ìdá méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń pè kì í ṣe ti Èkó. Ti gbogbo ayé lápapọ̀ ni. Ká ní ó máa kọlù wá lóòótọ́, a ṣì máa pín in láti Pàsífíìkì dé Bangladesh, òkun á sì kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìpín tó kan Èkó nìkan kéré gan-an.

Ọjọ́ 18 àti ọjọ́ 19 oṣù Kejì

Láàárín oṣù Kejì, òṣùpá àràǹmọ́jú yọ, ó sì mọ́lẹ̀ débi pé àwọn awò kò rí òkúta náà mọ́. Nọ́ńbà dúró. Nígbà tí òṣùpá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, wọ́n tún dojú awò kọ ọ́. Lọ́jọ́ 18, NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ojú òfuurufú, kéde ìdá 3.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí òkúta kankan tó tó ìwọ̀n yẹn tí nọ́ńbà rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe irú ìṣirò yìí. Apophis, òkúta mìíràn tó da ayé láàmú ní oṣù Kejìlá ọdún 2004 kò kọjá 2.7. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn èèyàn ń fi àwòrán iná àti èéfín ránṣẹ́ síra wọn káàkiri.

Lọ́jọ́ 19, nọ́ńbà náà já sí 1.5. Kò pé ọjọ́ méjì, ó di 0.28. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 24, ó ti di 0.004, ọ̀rọ̀ ayé àti òkúta náà ní ọdún 2032 sì parí síbẹ̀.

Mo jókòó ti ọjọ́ méjì yìí pẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Òkúta náà kò yà kúrò lọ́nà láàárín ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 19. Ohun tó ń ṣe lánàá náà ló ń ṣe lónìí. Kí ló wá gòkè, kí ló sì já?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ewúrẹ́ kan sọnù ní àdúgbò tó ní ọgọ́rùn-ún ilé, wọ́n sì mọ̀ dájú pé ó wà nínú ọ̀kan níbẹ̀. Ilé yín jẹ́ ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti ilé dé ilé. Wọ́n yẹ àádọ́ta ilé wò, wọn kò rí i, wọn ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Ilé yín ti di ọ̀kan nínú àádọ́ta. Wọ́n tún yẹ méjìdínlógún wò, ó ku méjìlélọ́gbọ̀n. Ọ̀kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n, ìdá 3.1 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn gẹ́lẹ́. Ewúrẹ́ kò sún kúrò níbi tó so mọ́, ilé yín náà kò sún. Ilé tí wọ́n ti yẹ̀ wò ló ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ewúrẹ́ ké mẹ́ẹ̀ẹ́ láti ìpẹ̀kun àdúgbò lọ́hùn-ún, ilé yín sì bọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí 2024 YR4 ṣe rí nìyẹn. Gbogbo alẹ́ tí wọ́n bá wò ó, wọ́n ń gé lára ìlà gígùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìlà ṣe ń kúrú, tí ayé sì ṣì wà lórí èyí tó kù, ìpín ayé gbọ́dọ̀ máa tóbi. Ní ọjọ́ 18, ìlà ti kúrú gan-an, ayé ṣì wà ní etí rẹ̀. Ní ọjọ́ 19, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé apá tí ayé wà. Ẹni tó bá mọ̀ bí ìṣirò yìí ṣe ń lọ mọ̀ pé nọ́ńbà tó ń gòkè kì í ṣe àmì pé ewu ń súnmọ́lé. Ìmọ̀ ló ń pọ̀ sí i. Bó ṣe máa ń gòkè náà nìyẹn kó tó já, àfi tí ewúrẹ́ bá wà nílé wa lóòótọ́.

Ìwọ̀n rẹ̀

Bí mo bá ní kí ẹnì kan sọ ohun tó ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ òkúta kékeré, ó lè ní ọ̀nà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ yára mọ ọ̀nà ju ìwọ̀n lọ. Awò orí ilẹ̀ kò rí 2024 YR4 bí òkúta, ìmọ́lẹ̀ ṣín-ń-ṣín ló rí. Láti inú bí ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe mọ́ tó ni wọ́n ti fojú bu ìwọ̀n rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti lọ́jú pọ̀: òkúta kékeré tí ara rẹ̀ mọ́ lè tàn bákan náà pẹ̀lú òkúta ńlá tó dúdú bí èédú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ láti mítà 40 dé mítà 90.

Àlàfo yẹn jọ kékeré létí. Kò kéré rárá. Tí ìbú òkúta bá di ìlọ́po méjì, ohun tó wà nínú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Láti mítà 40 dé mítà 90, ó ju ìlọ́po mọ́kànlá lọ. Èyí tó kéré lè ba àdúgbò kan jẹ́, èyí tó tóbi lè run ìlú kan tàn. Ẹ̀rù tó bà mí nípa ìyẹn ju èyí tí ìdá 3.1 dá sí mi lára lọ.

Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹta, lẹ́yìn tí ayé ti bọ́ nínú ewu, wọ́n dojú awò James Webb tó wà lójú òfuurufú kọ ọ́. Ooru tó ń jáde lára nǹkan ni awò yìí lè rí, ooru kì í sì í tanni jẹ bí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n rí i pé ó tó nǹkan bí mítà 60, ó lè fi mítà méje lé sí i tàbí kó fi méje dín. Ẹni tó bá mọ Cocoa House ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, kó wo ìdajì gíga rẹ̀ kó fi díẹ̀ lé e. Bó ṣe tó nìyẹn, ó sì ń pòòyì lójú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ogún ìṣẹ́jú tó pé.

Irú òkúta tó jọ ọ́ ní ìwọ̀n ló bú gbàù lókè Tunguska ní Sìbéríà lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1908. Kò tilẹ̀ kan ilẹ̀. Atẹ́gùn rẹ̀ nìkan wó igi lulẹ̀ lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 2,000 kìlómítà níbùú lóròó, ìyẹn sì ju ìdajì gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Igbó ni ibẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èyí tó bú lókè Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà lọ́jọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013 kéré sí i gan-an, kò ju nǹkan bí mítà 20 lọ. Apá ọ̀dọ̀ òòrùn ló gbà wọlé, nítorí náà kò sí awò tó rí i. Àwọn ará ìlú rí ìmọ́lẹ̀ ńlá lójú sánmà, wọ́n sì sáré lọ sí ojú fèrèsé láti wò ó. Ìró náà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fọ́ gíláàsì sí wọn lójú. Nǹkan bí 1,500 èèyàn ló farapa, gíláàsì ló sì ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ. Gbólóhùn kan péré, “ẹ má súnmọ́ fèrèsé,” ì bá ti gba púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ láti sọ ọ́.

Àwọn tó ń wo òkèèrè

Nígbà tí nọ́ńbà já, mo rí ọ̀pọ̀ èèyàn wa tí wọ́n ń bínú. Wọ́n ní wọ́n kàn ń fi wá ṣeré ni. Ẹ̀ẹ̀kan mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan òfo. Ẹlòmíràn ní kò yẹ kí wọ́n sọ ọ́ jáde rárá títí yóò fi dá wọn lójú.

Mi ò fara mọ́ èyí rárá. Ká ní wọ́n gbé e pamọ́, tó wá jáde lẹ́yìn náà, àwa yìí kan náà la máa kọ́kọ́ pariwo pé wọ́n fi ẹ̀mí wa pamọ́ fún wa. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Ọdún mẹ́jọ ṣáájú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àyè ṣì wà láti ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, NASA ti fi ọkọ̀ DART gbá òkúta Dimorphos, àkókò tó fi ń yí òkúta ńlá tó ń bá rìn po sì fi ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n dín kù. A lè ti òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a bá tètè mọ̀. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Irú ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń bá ara wa fà lórí omíyalé. Ọdọọdún ni àjọ tó ń rí sí omi nílẹ̀ wa máa ń kéde ibi tó ṣeé ṣe kí omi kún. Àwọn kan á gbọ́ “ó ṣeé ṣe” bíi “ó dájú,” wọ́n á máa gbàdúrà kíkankíkan. Àwọn mìíràn á gbọ́ ọ bí irọ́, wọn kò sì ní kó ẹrù wọn kúrò létí odò Ògùn. Nígbà tí omi kò bá wá lọ́dún kan, àwọn méjèèjì á parí ẹ̀ sí pé àjọ náà kò mọ nǹkan kan. Kò sí ẹni tó ń béèrè iye tí wọ́n pè é àti ohun tí wọ́n ń retí láti mọ̀ sí i. Mo gbà pé púpọ̀ nínú ẹ̀bi yìí wà lọ́rùn àwa tó ń kọ̀wé àti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì nípa ìṣirò yìí, kó wo Sudan. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Arizona rí òkúta kan tí kò ju nǹkan bí mítà mẹ́rin lọ, wọ́n sọ ọ́ ní 2008 TC3. Nǹkan bí ogún wákàtí péré ló kù kó wọlé. Wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n ní aṣálẹ̀ Núbíà ni yóò bọ́ sí, wọ́n sì dá àkókò. Ibẹ̀ náà ló bọ́ sí, lákòókò náà. Ní oṣù Kejìlá, Muawia Shaddad ti Yunifásítì Khartoum àti Peter Jenniskens, onímọ̀ sánmà, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sínú aṣálẹ̀ náà. Wọ́n tò lórí ìlà kan, wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú wọn mọ́lẹ̀, nínú oòrùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló rí òkúta dúdú àkọ́kọ́ lórí yanrìn. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n ṣà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ju ẹyọ ọgọ́rùn-ún mẹ́fà lọ, orúkọ ibùdókọ̀ ojú irin kan ládùúgbò yẹn, Almahata Sitta, ni wọ́n sì fi pè wọ́n. Kò tíì sí òkúta kankan ṣáájú rẹ̀ tí ẹ̀dá rí lójú òfuurufú kó tó bọ́, tó sì tún fọwọ́ kàn lẹ́yìn tó bọ́. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ló ṣà á.

Ọ̀kan nínú àwọn awò ATLAS wà ní Sutherland, ní South Africa, ó ń ṣọ́ apá ojú ọ̀run tí àwọn ti Hawaii kò lè rí. NASA ń gbèrò láti fi awò mìíràn, NEO Surveyor, ránṣẹ́ sójú òfuurufú. Ooru ni yóò máa wá bíi ti James Webb, yóò sì lè wo apá tó súnmọ́ ọ̀dọ̀ òòrùn, níbi tí ti Chelyabinsk gbà wọlé. Tó bá ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, a ó máa mọ ìwọ̀n òkúta látìbẹ̀rẹ̀, kò ní sí pé à ń sọ mítà 40 dé 90 fún oṣù mẹ́ta.

2024 YR4 fúnra rẹ̀ yóò padà wá ní oṣù Kejìlá ọdún 2028. Yóò fi nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ kìlómítà jìnnà sí wa, wọ́n á sì tún wọn ọ̀nà rẹ̀ dáadáa ju ti ìsinsìnyí lọ. Mo fẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tó ń sọ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn onímọ̀ sánmà láti àwọn fásitì wa wá sórí afẹ́fẹ́ kó tó dìgbà náà, kí wọ́n máa sọ iye tí nọ́ńbà jẹ́ lánàá mọ́ iye tó jẹ́ lónìí, kí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tó yí i padà. Tí wọ́n bá pè mí pé kí n wá ṣe ògbufọ̀, màá lọ.